Gbígbé jíà wálẹ̀ nínú mọ́tò máńúà: ohun tó ń jẹ́ kí mọ́tò fò, àti bí wọ́n ṣe ń ṣe é tí kò fi ní fò

Alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan pè mí láti ìlú Manchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti ra mọ́tò. Kì í sì í ṣe mọ́tò tí wọ́n fi ń kó ẹbí lọ sóde o, Mazda MX-5 ni, mọ́tò kékeré elérò méjì tí wọ́n máa ń ká òrùlé ẹ̀ sẹ́yìn bí oòrùn bá yọ. Ó yẹ kínú ẹ̀ dùn, àmọ́ ohùn ẹ̀ ò jọ ti ẹni tínú ẹ̀ dùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe tí ò da. Bí mo bá ń gbé jíà lọ sókè, kò síṣòro. Àmọ́ bí mo bá ti fẹ́ gbé e wálẹ̀ báyìí, ńṣe ni mọ́tò máa ń ta bí ọ̀pọ̀lọ́. Ìyàwó mi ti ní òun ò wọ̀ ọ́ mọ́."

Mo rẹ́rìn-ín, mo wá bi í pé ta ló kọ́ ọ ní mọ́tò. Ó ní ọ́tò lòun ń wà ní Èkó, ìgbà tóun dé ọ̀hún lòun tó kọ́ máńúà. Ìdí ni pé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí èèyàn bá fi ọ́tò ṣèdánwò ìwakọ̀, ọ́tò nìkan ni láísẹ́ǹsì ẹ̀ máa gbà á láyè láti wà. Ẹni tó bá fẹ́ wa máńúà, àfi kó fi máńúà ṣèdánwò. Ó ṣe é, ó sì yege. Àmọ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ni fún ìdánwò ò ju báyìí lọ: ẹ tẹ búrèkì, ẹ dín eré kù, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ mú jíà tó yẹ, ẹ rọra tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Kò burú. Èèyàn lè fi wa mọ́tò títí dọjọ́ alẹ́. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá fúyẹ́, tó jẹ́ táyà ẹ̀yìn ló ń tì í, tí ẹni tó wà á sì fẹ́ràn eré, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀.

Ohun tí mo sọ fún un lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà ò tó, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé náà, tó jẹ́ Golf tàbí 504 lẹ ń wà, ọ̀rọ̀ náà kàn yín. Bákan náà ni jíà ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú gbogbo wọn.

Kí ló dé tó fi ń fò?

Nǹkan méjì ló ń yí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú mọ́tò máńúà. Ẹ́ńjìnnì ń yí tiẹ̀, táyà ń yí tiẹ̀, jíàbọ́ọ̀sì ló wà láàárín wọn. Kílọ́ọ̀ṣì ni ilẹ̀kùn tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti jíàbọ́ọ̀sì. Bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí, oníkálukú ń bá tiẹ̀ lọ. Bẹ́ ẹ bá tú u sílẹ̀, ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn, àwọn méjèèjì ti di ọ̀kan, ó sì di dandan kí ẹ́ńjìnnì máa yí níye ìgbà tí jíà tẹ́ ẹ mú bá sọ pé kó yí. Kò sí àríyànjiyàn nínú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi MX-5 tòde òní ṣírò ẹ̀, èyí tó jáde lọ́dún 2015, tó ní jíà mẹ́fà. Bó bá ń sá kìlómítà 60 láàárín wákàtí kan lórí jíà 3, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ máa ń yí nǹkan bí ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ má fọwọ́ kan eré yẹn o, ẹ kàn gbé jíà wá sí 2: ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa yí nǹkan bí ìgbà 4,400. Ká ní jíà 4 ló wà, kò ní ju nǹkan bí 2,350 lọ. Bó bá wá jẹ́ pé jíà 1 lẹ ki bọ̀ ọ́ lórí kìlómítà 60 yẹn, ó di nǹkan bí 7,500, ìyẹn ni pé ẹ ti dé ìlà pupa tó wà lórí aago ẹ́ńjìnnì tàbí kẹ́ ẹ ti kọjá ẹ̀, ó kù sọ́wọ́ irú ẹ́ńjìnnì tó bá wà nínú ẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Ẹ wà lórí jíà 3, ẹ́ńjìnnì ń yí 3,000. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Lójú ẹsẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, 2,500, 2,000, 1,500. Ẹ mú jíà 2. Táyà ń retí 4,400, ẹ́ńjìnnì ń mú 1,500 bọ̀. Ẹ wá tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ta ló máa fa ẹ́ńjìnnì látorí 1,500 dé 4,400? Mọ́tò fúnra ẹ̀ ni. Táyà ló máa wọ́ ọ, agbára tó sì máa fi wọ́ ọ, inú eré tẹ́ ẹ ń sá ló ti máa mú un. Ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé ẹnì kan ṣàdédé tẹ búrèkì. Orí ẹ̀ ni ìyàwó ń gbá mọ́ iwájú.

Bẹ́ ẹ bá rọra tú kílọ́ọ̀ṣì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, fífò yẹn á dín kù, lóòótọ́. Àmọ́ kílọ́ọ̀ṣì lẹ fi san án. Gbogbo àsìkò tó fi ń yọ̀ yẹn, ńṣe ló ń jóná díẹ̀díẹ̀. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ fi tọ́rótù gbé ẹ́ńjìnnì lọ sí 4,400 yẹn fúnra yín kẹ́ ẹ tó tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Bó bá ti dọ́gba, ìgbà tí ilẹ̀kùn bá tì, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ohun táwọn òyìnbó ń pè ní rev-matching kò ju ìyẹn náà lọ.

Ohun tójú mi rí lójò

Kí n sọ òótọ́, èmi náà rò pé mo mọ̀ ọ́n kí n tó jẹ́ ẹ. 504 bàbá mi ni mo fi kọ́ mọ́tò, mo ti bálánsì lórí òkè tí mi ò rí ibi tó parí sí, mi ò sì rò pé mọ́tò kan wà tó lè fi ẹnu gbá mi. Ọdún kan ni mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan ní Kent, ó ní MX-5 tó ti gbó, ló bá jù kọ́kọ́rọ́ sí mi. Òjò ń rọ̀ wẹliwẹli, irú òjò wọn tí kì í pọ̀, tí kì í sì í dá. Mo ń bọ̀ níbi ráúndabáòtù kan lórí jíà 3, mo tẹ búrèkì, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí súkáànù kí n tó rántí jíà. Mo já a sí 2 wàrà, mo sì ju kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀yìn mọ́tò kúrò níbi tó wà. Mi ò tíì pariwo tán tí iwájú fi kọjú síbi tá a ti ń bọ̀. Orí koríko la dúró sí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Ọ̀rẹ́ mi ò sọ nǹkan kan, ó kàn na ọwọ́ pé kí n kó kọ́kọ́rọ́ òun fóun.

Ìgbà tí mo ro ó dáadáa ni mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Táyà ẹ̀yìn ló ń ti MX-5, bíi ti 504. Nígbà tí mo ju kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, táyà ẹ̀yìn yẹn náà ló gbọ́dọ̀ wọ́ ẹ́ńjìnnì lọ sókè, ìyẹn ni pé ńṣe ló dà bíi pé mo fa búrèkì ọwọ́ lójijì lórí ilẹ̀ tó tutù, tí mọ́tò sì ti wà nínú kọ́nà. Táyà tó ti ń tiraka kí mọ́tò má bàa yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n tún wá ní kó fa ẹ́ńjìnnì, kò lè ṣe méjèèjì. Bó bá jẹ́ mọ́tò tó jẹ́ táyà iwájú ló ń fà á, iwájú ló máa yọ lọ tààrà, òun náà ò dáa. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyí pé gbígbé jíà wálẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bá yín nínú kọ́nà. Kí súkáànù ṣì wà gbọọrọ, kẹ́ ẹ ti parí búrèkì, kẹ́ ẹ ti parí jíà, kẹ́ ẹ ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì pátápátá, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà.

Àwọn onílọ́rì àtijọ́ ti mọ̀ ọ́n

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àbúrò bàbá mi tó wa lọ́rì tó fi dàgbà mọ nǹkan yìí ju gbogbo àwọn tó ń fi mọ́tò sáré lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá bọ́lẹ̀kájà láyé, ẹ máa rántí bí dírébà ṣe máa ń ṣe tí òkè bá ti ń sún mọ́: á tẹ kílọ́ọ̀ṣì, á fa jíà sí fíríì, á gbé ẹsẹ̀ kúrò, á rẹ́ẹ̀sì ẹ́ńjìnnì hùn-ún!, á tún tẹ kílọ́ọ̀ṣì, jíà á sì wọlé pẹ́. Èèyàn lè máa rò pé faaji ló ń ṣe. Kì í ṣe faaji o. Bí ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, jíà ò ní wọlé, ńṣe ni á máa ké kàràràrà.

Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ lọ́rì àtijọ́ ò ní synchromesh. Ohun kékeré kan ni synchromesh inú jíàbọ́ọ̀sì, òrùka ni, idẹ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Bẹ́ ẹ bá ti ń ti jíà, òrùka yẹn á kọ́kọ́ fara gbo jíà tẹ́ ẹ fẹ́ mú, á mú kí wọ́n máa yí bákan náà kí eyín wọn tó wọnú ara wọn. Ilé iṣẹ́ Cadillac ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ gbé e jáde lọ́dún 1928, nínú àwọn mọ́tò wọn ti ọdún 1929, ọ̀gbẹ́ni Earl Thompson ló ṣe é. Lọ́dún 1952, Porsche fi tiwọn sínú Porsche 356, gbogbo jíà iwájú ló sì wà fún. Kó tó dìgbà yẹn, yálà lọ́rì lẹ̀ ń wà o tàbí mọ́tò eré ìje, ẹ gbọ́dọ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti dárúkọ Porsche, ẹ jẹ́ kí n fi eléyìí kún un. 901 ni wọ́n kọ́kọ́ pe mọ́tò wọn tó lókìkí jù lọ nígbà tí wọ́n gbé e jáde lọ́dún 1963. Peugeot ló pariwo pé àwọn làwọn ni orúkọ oníye mẹ́ta tí òdo wà láàárín ẹ̀, bíi 404 nígbà náà, bíi 504 tó wá lẹ́yìn. Porsche bá yí i sí 911. Nílẹ̀ wa ńkọ́? Bẹ́ ẹ bá sọ 911 fáwọn àgbà, lọ́rì Mercedes tó ń kó gẹdú ló máa wá sí wọn lọ́kàn.

Ṣé ó ṣì yẹ kéèyàn máa tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì lónìí? Fún mọ́tò tí synchromesh ẹ̀ ṣì dáa, rárá. Ìwọ̀nba ìgbà kan tó, kẹ́ ẹ ṣáà rẹ́ẹ̀sì ẹ́ńjìnnì. Àmọ́ bí jíà 2 mọ́tò yín bá ti ń ké pàápàá lówùúrọ̀ tí ọ́ìlì ṣì tutù, títẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì máa jẹ́ kó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, torí ẹ̀yin lẹ bá òrùka yẹn ṣiṣẹ́ tó yẹ kó ṣe. Kì í ṣe àtúnṣe o, ẹ̀ ń fi dáwọ́ dúró fún mẹkáníìkì ni.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú búrèkì. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe nìyẹn, wọ́n á ti wo fídíò, wọ́n á ti fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan tẹ pẹ́dàlì méjì lọ́jọ́ kìíní. Ẹ wá títì tó gùn, tó gbọọrọ, tí mọ́tò ò pọ̀ níbẹ̀, àárọ̀ kùtù ọjọ́ Sunday dáa fún un. Ẹ wà lórí jíà 4, ní eré tó mọ níwọ̀n, ẹ́ńjìnnì ń yí bíi 2,500. Jíà 4 sí 3 lẹ máa fi kọ́ ọ, ẹ má tíì dé ọ̀dọ̀ 2. Nínú MX-5 tá a sọ yẹn, láti 4 sí 3, ẹ́ńjìnnì máa fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan àti díẹ̀ lé sí i, ìyẹn láti 2,500 sí 3,200. Láti 3 sí 2, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlàjì tó máa fi lé. Ìdí nìyẹn tí 2 fi máa ń fò jù, tí 1 sì burú ju ìyẹn lọ.

Ó yá. Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ fa jíà kúrò ní 4. Bí ọwọ́ yín bá ṣe ń kọjá ní fíríì lọ sí 3 báyìí ni kẹ́ ẹ ta tọ́rótù lẹ́ẹ̀kan, fìrì, kì í ṣe kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ fi í síbẹ̀. Hùn! Ẹ́ńjìnnì á gòkè. Jíà 3 ti wọlé, ẹ tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ láì fi falẹ̀, nígbà tí ìró yẹn ṣì wà lókè. Gbogbo ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ gbà ju bẹ́ ẹ ṣe máa pe orúkọ ara yín lọ.

Ẹ má wo aago. Ẹ̀ ń wa mọ́tò, ojú títì ló yẹ kójú yín wà, etí lẹ máa lò. Ohun tí mo máa ń ní káwọn èèyàn ṣe ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ wa mọ́tò náà lórí jíà 3 ní eré tí wọ́n fẹ́ lò yẹn, kí wọ́n gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ké. Kí wọ́n wá padà sí 4 lórí eré kan náà. Ìró tí wọ́n gbọ́ lórí 3 ni wọ́n máa wá fi tọ́rótù wá. Ẹni tó bá lè gbọ́ ohùn ìlù dùndún tó fi mọ ohun tí onílù ń wí, kò yẹ kó rí ìyẹn bí iṣẹ́.

Mọ́tò fúnra ẹ̀ ló máa sọ fún yín bẹ́ ẹ bá ṣì í. Bó bá fà yín sẹ́yìn, bíi pé ẹ tẹ búrèkì, tọ́rótù yín kéré, tàbí kẹ́ ẹ ti falẹ̀ jù kẹ́ ẹ tó tú kílọ́ọ̀ṣì. Bó bá ta yín síwájú, ẹ ti tẹ̀ ẹ́ jù. Àṣejù díẹ̀ sàn ju àìtó lọ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Àwọn mọ́tò tuntun kan tún wà tí kọ̀ǹpútà ló ń bá yín ṣí tọ́rótù, wọ́n máa ń falẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀ sí i tàbí kó jìn díẹ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Ẹ ṣe 4 sí 3 fún bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Bó bá ti di pé ẹni tó jókòó tì yín ò mọ ìgbà tẹ́ ẹ yí i, ẹ lọ sí 3 sí 2.

Ẹsẹ̀ kan, pẹ́dàlì méjì

Èyí tó kù ni heel-and-toe, èyí tí gbogbo ayé fẹ́ ṣe. Ìṣòro tó fà á ni pé nígbà tẹ́ ẹ bá ń sáré bọ̀ níbi kọ́nà, ẹsẹ̀ ọ̀tún yín wà lórí búrèkì, ẹsẹ̀ òsì wà lórí kílọ́ọ̀ṣì. Ẹsẹ̀ wo lẹ fẹ́ fi ta tọ́rótù? Ọlọ́run ò fún wa ní ẹ̀kẹta.

Orúkọ ẹ̀ máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà, wọ́n á rò pé gìgísẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò òde òní, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ máa fi apá òsì àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún, lábẹ́ ọmọ ìka ńlá, tẹ búrèkì. Bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ láì dẹ̀ ẹ́, ẹ máa yí ọrùn ẹsẹ̀ díẹ̀ kí etí ẹsẹ̀ lápá ọ̀tún lè kan tọ́rótù. Ìyẹn nìkan ni. Ibi tó ti le ni pé ìwúwo tó wà lórí búrèkì ò gbọ́dọ̀ yí padà nígbà tẹ́ ẹ bá ń ta tọ́rótù. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé bí wọ́n bá ti yí ẹsẹ̀ báyìí, wọ́n á tẹ búrèkì kọjá bó ṣe yẹ, iwájú mọ́tò á sì forí balẹ̀ gbì.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ mọ ibẹ̀. Nínú MX-5 tòde òní, láti ilẹ̀ ni tọ́rótù ẹ̀ ti dìde, kò fi ara kọ́ láti òkè bíi ti ọ̀pọ̀ mọ́tò, ìyẹn máa ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Bàtà náà ṣe pàtàkì. Kì í ṣe sílípáàsì, kì í ṣe bàtà ńlá tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ nípọn. Àwọn tó wo fídíò Ayrton Senna, ọmọ Brazil tó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹta, níbi tó ti ń sáré Honda NSX ní pápá Suzuka ní Japan, wọ́n á rí i pé bàtà pẹlẹbẹ lásán àti ìbọ̀sẹ̀ funfun ló wọ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ń jó lórí pẹ́dàlì bíi ti alárìnjó.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Orí títì gbogboogbò, ẹ ò nílò ẹ̀. Pẹ́dàlì búrèkì ga ju tọ́rótù lọ bẹ́ ẹ bá rọra tẹ̀ ẹ́, ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ búrèkì mọ́lẹ̀ gidi ni àwọn méjèèjì tó máa ń wà lógbọọgba. Ìyẹn ni pé àfi kẹ́ ẹ máa tẹ búrèkì bíi ti pápá eré ìje kó tó rọrùn, ta ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú ilé ìwé? Ẹ tẹ búrèkì tán lórí títì, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, ẹ wá ta tọ́rótù, ẹ mú jíà. Àwọn mọ́tò kan tiẹ̀ wà tí kọ̀ǹpútà wọn máa ń dí tọ́rótù bó bá ti rí i pé ẹ̀ ń tẹ búrèkì pa pọ̀ mọ́ ọn. Irú wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ ṣe é rárá.

Ibi tó ti lè pa mọ́tò

Synchromesh ò ní dáàbò bo ẹ́ńjìnnì yín. Ó lè mú kí jíà wọlé nírọ̀rùn, àmọ́ kò mọ̀ bóyá jíà tẹ́ ẹ mú tọ́. Ká sọ pé ẹ wà lórí kìlómítà 120, ẹ wà ní jíà 5, ẹ fẹ́ gbé e wá sí 4. Ọwọ́ yín ṣì, ó bá kó sí 2. Nínú MX-5 yẹn, jíà 2 lórí kìlómítà 120 ń bèèrè fún yíyí bí 8,800. Ìlà pupa ti wà lẹ́yìn tipẹ́. Kọ̀ǹpútà tó máa ń dá ẹ́ńjìnnì dúró kó má kọjá ìlà, tọ́rótù àti epo ló sábà máa ń fi dá a dúró. Kò lè ṣe nǹkan kan bó bá jẹ́ táyà ló ń wọ́ ọ. Fáàfù á lu písítìnì, ẹ́ńjìnnì á tú. Money shift lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́, nítorí owó tó máa ná yín.

Ohun tó sábà máa ń fà á ni dídi jíà mú gírígírí bí ẹni tó fẹ́ fà á tu. Ìka ni kẹ́ ẹ fi darí ẹ̀. Láti 5 sí 4, ẹ kàn fà á bọ̀ ní fíríì, ẹ jẹ́ kó fúnra ẹ̀ bọ́ sí àárín kẹ́ ẹ tó fà á wálẹ̀, ẹ má tì í sí òsì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra dáadáa nídìí èyí, nítorí ọwọ́ òsì lẹ ó máa fi yí jíà, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún la fi ń yí i nílé látìgbà tí Nàìjíríà ti bọ́ sí apá ọ̀tún títì lọ́jọ́ kejì, oṣù kẹrin, ọdún 1972. Ẹsẹ̀ ò yí padà ní tiẹ̀, bákan náà ni pẹ́dàlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe wà.

Jíà 1 sì rèé, ẹ má gbé e wá síbẹ̀ nígbà tí mọ́tò bá ń rìn, àyàfi bó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró.

Ẹ má sì fi jíà ṣe búrèkì lójoojúmọ́. Páàdì búrèkì ò wọ́n, kílọ́ọ̀ṣì wọ́n. Ìdí tá a fi ń gbé jíà wálẹ̀ ni kí ẹ́ńjìnnì lè ní agbára nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ jáde nínú kọ́nà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gùn, irú èyí tó wà lọ́nà Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Níbẹ̀, ẹ mú jíà tó kéré kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì dì yín mú, nítorí búrèkì tẹ́ ẹ bá tẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ máa gbóná débi tí ò ní mú mọ́.

Àwọn dírébà wa kan sì wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, fíríì ni wọ́n máa ń fi í sí, wọ́n ní àwọn ń ṣọ́ epo ná. Mo ti jókòó ti irú wọn, mo gbàdúrà títí a fi dé ìsàlẹ̀. Nínú mọ́tò tó ń lo injection, bẹ́ ẹ bá wà nínú jíà tẹ́ ẹ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù, kọ̀ǹpútà máa ń gé epo pátápátá. Táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì. Tẹ́ ẹ bá fi í sí fíríì, ẹ́ńjìnnì tún gbọ́dọ̀ mu epo kó má bàa kú. Epo tí wọ́n ní àwọn ń ṣọ́, àwọn gan-an ló ń ná an.

Àwọn tí ò fẹ́ wàhálà

Àwọn mọ́tò kan wà báyìí tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló ń ta tọ́rótù bẹ́ ẹ bá ti fẹ́ gbé jíà wálẹ̀. Nissan 370Z ló kọ́kọ́ gbé e wá sórí mọ́tò tí wọ́n ń tà fáráàlú, nínú ti ọdún 2009. Corvette ti ọdún 2014 ní i, Honda Civic Type R náà ní i. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, mi ò ní purọ́. MX-5 tí ọmọkùnrin wa rà ò ní i. Ferrari ní tiwọn, lọ́dún 1989 ni wọ́n ti gbé jíà tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà lẹ́yìn súkáànù wá sí Formula One, Nigel Mansell sì fi gba ìdíje àkọ́kọ́ tí wọ́n lò ó, èyí tó wáyé ní Brazil. Látibẹ̀ ló ti di pé àwọn mọ́tò olówó ńlá ń pa kílọ́ọ̀ṣì ẹsẹ̀ tì díẹ̀díẹ̀.

Ọmọkùnrin yẹn tún pè mí lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní 4 sí 3 ti dáa, ìyàwó òun ti ń sùn nínú mọ́tò. Àmọ́ 3 sí 2 ṣì ń fò. Mo ní kó fi fóònù sílẹ̀ kó yí i kí n gbọ́ (àbúrò ẹ̀ ló mú fóònù dání o, kì í ṣe òun). Mo gbọ́ hùn!, lẹ́yìn náà mo gbọ́ jíà tó wọlé, lẹ́yìn náà kílọ́ọ̀ṣì. Ó ń ta tọ́rótù kó tó fa jíà kúrò ní 3. Kí ọwọ́ ẹ̀ tó dé 2, ẹ́ńjìnnì ti padà sílẹ̀. Mo ní kó fi tọ́rótù sílẹ̀ títí jíà á fi kọjá fíríì. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ nǹkan kan, àfi àbúrò ẹ̀ tó ń bèèrè pé ṣé ó ti yí i ni.